Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Àdéhùn Fún Àwa Tí A Ń Ṣòwò Kékeré

 

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé òfin ní orúkọ fún un. Àdéhùn ni. Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní kọ́ńtíráàtì. Àwa ará ọjà a máa pè é ní àgírímẹ́ǹtì. Kí a tó wọ inú ẹ̀kọ́ náà, a fẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Àwa mẹ́ta tí a jọ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni a kó owó jọ, tí a ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tí a sì gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni a ń rán. Ní ọdún 2016, ìyá kan tó ní ilé ìwé aládàáni gbé iṣẹ́ fún wa. Ẹni wa ni, ó pẹ́ tí a ti mọ ara wa. Ọgọ́rin yúnífọ́ọ̀mù ni ó fẹ́, a sì fẹnu kò sí ₦3,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦280,000. Ó san ₦100,000 sílẹ̀. Ìdúró ni a wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rẹ̀ nígbà tí a sọ gbogbo èyí. Ó ní, "Ẹ bá mi rán an kó tó di ìwọlé." A ní, "Kò séwu, mà." A dágbére, a lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn, "kó tó di ìwọlé," ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí àwa gbọ́ ni pé kí aṣọ wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá wọlé. Ohun tí òun ní lọ́kàn ni ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àwọn òbí lè rí aṣọ rà. Nígbà tí a kó ọgọ́ta lọ ní ọjọ́ Ajé tí ilé ìwé wọlé, ojú rẹ̀ ti le. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a kó ogún tó kù lọ, ó ní òun ti ra òmíràn, òun kò gbà á mọ́. Ó tún ní fìlà wà nínú owó tí a jọ dá. Àwa kò rántí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ fìlà. Owó ọgọ́ta aṣọ tó gbà jẹ́ ₦210,000. Bí a bá yọ ₦100,000 tó ti san kúrò, ó ku ₦110,000 lọ́rùn rẹ̀. Ogún aṣọ tó kọ̀ wà lọ́wọ́ wa, àmì ilé ìwé rẹ̀ sì ti wà láyà wọn. Kò sí ọmọ ilé ìwé mìíràn tí a lè wọ̀ wọ́n fún.

Àwọn àgbà dá sí i. Ìyá náà sọ tirẹ̀, àwa náà sọ tiwa. Bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a rí i pé kò purọ́. Ohun tó rántí ni ó ń sọ. Àwa náà kò purọ́. Bàbá àgbà kan wá bi wá pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí ńkọ́?" Ojú tì wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́ lálaalẹ́, tí a kì í wọ kíláàsì láìmú un lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lórí owó ara wa, a kò kọ ìlà mẹ́ta. Wọ́n ní kí ó san ₦50,000, kí a fọwọ́ wọ́nú lórí ìyókù. Ó san án. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjì kí àwa àti òun tó tún lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Èyí dùn wá ju owó lọ.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: kì í ṣe nítorí olè nìkan ni a fi ń kọ àdéhùn sílẹ̀. Nítorí àwọn olóòótọ́ méjì tí ìrántí wọn kò dọ́gba ni.

Kí ni òfin ń pè ní àdéhùn?

Kì í ṣe gbogbo ìlérí ni àdéhùn. Nínú ẹjọ́ Orient Bank àti ilé iṣẹ́ Bilante International, tó wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ọdún 1997, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ wa ka ohun márùn-ún tó gbọ́dọ̀ pé kí àdéhùn tó dúró lábẹ́ òfin. A ó sọ wọ́n bí ó ti lè yé wa.

1. Ìfilọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ tà tàbí tó fẹ́ ṣe, àti ohun tó fẹ́ gbà lé e.

2. Gbígbà. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gba ohun náà gan-an bí ó ti wà. Bí ẹ bá ní ọjà yín jẹ́ ₦8,000, tí oníbàárà ní òun yóò san ₦6,000, kò tíì gbà. Ìfilọ̀ tuntun ni ó mú wá, ti àkọ́kọ́ sì ti kú. Bí ó bá lọ tó sì padà wá pé òun ti gba ₦8,000, ọwọ́ yín ni ó kù sí láti tà tàbí láti má tà.

3. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀. Ìwọ fi ọjà tàbí iṣẹ́ sílẹ̀, èmi fi owó sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣèlérí pé òun yóò fi owó ran òwò yín lọ́wọ́, tí ẹ kò sì fún un ní nǹkan kan dípò rẹ̀, ó ṣòro kí ilé ẹjọ́ fi tipá gba owó náà fún yín. Ẹ̀bùn ni ó ṣèlérí.

4. Èrò pé òfin lè dá sí i. Ọkọ tó ní òun yóò ra léèsì fún ìyàwó òun ní ọdún Kérésìmesì kò rò ó pé ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwò yàtọ̀. Bí a bá ti ń ṣòwò, òfin gbà pé a mọ ohun tí à ń ṣe.

5. Ẹ̀tọ́ láti ṣe é. Ọmọdé àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé kò lè fi àdéhùn òwò de ara wọn bí àwa àgbà.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé kò sí nínú márààrún. Àdéhùn ẹnu náà jẹ́ àdéhùn lábẹ́ òfin, ó sì lè di ẹjọ́. Níbi tí ó ti ń nira ni ẹ̀rí. Adájọ́ kò sí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé yẹn lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ fìlà tàbí tí a kò sọ ọ́.

Ti ilẹ̀ nìkan ni kí a yà sọ́tọ̀. Láti ọdún 1677 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè ìwé lórí ilẹ̀ títà, àwọn òyìnbó amúnisìn sì mú òfin náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó má fi ẹnu lásán rà á.

Àwọn tó ti ṣòwò ṣáájú wa

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú ní ayé àtijọ́. Wọn a tà á ní àwìn, wọn a dá ọjọ́ tí àwọn yóò padà wá gba owó. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ náà. Ẹ rò ó wò: ìdúró tí ìwé ìbá bá wọn dúró, ara wọn ni wọ́n fi dúró.

Ẹ tún ṣí Bíbélì yín sí Jeremáyà orí 32. Jeremáyà ra oko kan ní Ánátótì lọ́wọ́ Hánámẹ́ẹ̀lì, ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, ní ṣékélì fàdákà mẹ́tàdínlógún. Ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn owó níwájú wọn. Ìwé méjì ni, ọ̀kan dídì, ọ̀kan ṣíṣí, ó sì ní kí Bárúkù fi méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Wòlíì ni olùrà, ẹbí rẹ̀ ni olùtà, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé, "Ṣé ẹ kò fọkàn tán mi ni?" ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé nítorí kí ìfọkàntán náà má bàa bàjẹ́ ni.

Ìbéèrè mẹ́fà

Kò dìgbà tí a bá mọ òfin. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́fà yìí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ta ni? Ẹ kọ orúkọ ní kíkún, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù. "Ìyá Bọ̀sẹ̀" kò tó. Ẹ tún wádìí bóyá ẹni tó ń gba owó ló ni nǹkan náà. Bí alámòójútó ilé bá ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ó mú ìwé àṣẹ onílé wá.

Kí ni? Iye rẹ̀, irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀. Bí fìlà bá wà níbẹ̀, ẹ kọ fìlà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé kò sí.

Èló? Iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀, èyí tí a san sílẹ̀, èyí tó kù àti ọjọ́ tí a ó san án. Ta ni yóò san owó ọkọ̀?

Ìgbà wo? Ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ẹ má kọ "láìpẹ́" tàbí "lẹ́yìn ọdún." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "kó tó di ìwọlé."

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá pẹ́, bí owó ọjà bá gbówó lórí, bí ẹnì kan bá ṣàìsàn? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, irun ṣíṣe tàbí aṣọ rírán, ìbéèrè yìí gan-an ni tiyín. Ọdún mélòó ni yóò fi kọ́ṣẹ́? Bí ọmọ bá ṣàìsàn fún oṣù mẹ́ta, tàbí tó lóyún, ṣé ọdún rẹ̀ yóò gùn sí i? Ta ni yóò san owó fíríìdọ̀ọ̀mù? Ọ̀pọ̀ ìjà láàrin ọ̀gá àti òbí ọmọ ló jẹ́ pé ọjọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá owó rẹ̀.

Ta ló jẹ́rìí? Kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹlẹ́rìí kan wá. Ẹ kọ ìwé náà ní méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Jeremáyà ti ṣe é rí.

Àpẹẹrẹ

Ojú ewé kan tó. Èyí ni ìwé tí a ìbá ti kọ ní ọdún yẹn:

"Ọjọ́ ……… oṣù ……… ọdún ……… Èmi ………, ti ń gbé ní ………, fóònù ………, gbà láti rán yúnífọ́ọ̀mù ọgọ́rin (80), ṣẹ́ẹ̀tì àti síkẹ́ẹ̀tì, láìsí fìlà, fún ………, ti ń gbé ní ………, fóònù ……… Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦………, àpapọ̀ ₦……… Mo ti gba ₦……… lónìí. Èyí tó kù yóò wọlé ní ọjọ́ tí mo bá kó aṣọ dé. Ọjọ́ tí màá kó gbogbo rẹ̀ dé ni ……… Bí mo bá pẹ́, a ó yọ ₦……… lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tó pẹ́. Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tí mo ti gé aṣọ, owó tó san sílẹ̀ kò ní padà. A ti ka ìwé yìí, ó sì yé wa. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí: ……… àti ………"

Èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, a ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Ó sàn kí ẹ kọ èdè tí ẹ gbọ́ ju kí ẹ fọwọ́ sí èyí tí ẹ kò gbọ́.

Fún àwọn ìyá wa tí kò kàwé

Òfin kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka sí i, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá tó ní kí ẹ ṣáà tẹ̀ka, ẹ dá a dúró. Ẹ pe ọmọ yín, tàbí kí ẹ pe wa.

Ọ̀rọ̀ fóònù

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí àyè láti kọ ìwé. Ẹ lo fóònù. Láti ọdún 2011 ni Òfin Ẹ̀rí ilẹ̀ wa ti fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù láti jẹ́ ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́, bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Mà, bí a ṣe sọ ọ́ nìyí: aṣọ ọgọ́rin, iye báyìí, ọjọ́ báyìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Kí ẹ dúró de ìdáhùn kí ẹ tó ra aṣọ. Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún síbẹ̀. Ẹ má sì pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù

Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kan ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, kì í ṣe ilé gbígbé nìkan, Alimosho sì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì, kí ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà kárí sì hàn nínú rẹ̀. Ó tún ní bí kò bá sí àdéhùn lórí ìwé ìkìlọ̀, ẹni tó ń san owó ọdọọdún yóò gba ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san ti oṣooṣù yóò gba ti oṣù kan. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: "bí kò bá sí àdéhùn." Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, tiyín ni ẹ yóò máa tẹ̀lé. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka ìwé onílé kí a tó fọwọ́ sí i, àní bí àwọn tó ń dúró lẹ́yìn wa fún ṣọ́ọ̀bù náà bá tó mẹ́wàá.

Bí ìjà bá dé

Ẹ kọ́kọ́ bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú ìwé dání. Bí ó bá kọ̀, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibùdó ìlàjà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Wọn kì í gba owó. Ó ti wà nígbà ọ̀ràn tiwa ní 2016, a kò kàn mọ̀ ni. Ní ọdún 2018, wọ́n tún dá Small Claims Court sílẹ̀ lábẹ́ àwọn ilé ẹjọ́ Májísíréètì, fún gbèsè owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ lè dúró fún ara yín níbẹ̀ láìgba agbẹjọ́rò, èrò wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàrin ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó yín lọ́wọ́ onígbèsè. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín níbẹ̀ ni ohun tí bàbá àgbà yẹn bi wá: "Ìwé dà?" Fún ọ̀rọ̀ tó bá tóbi jù wá lọ, bí ilẹ̀ tàbí owó ńlá, ẹ lọ rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ìparí

Ní ọdún 2019, ìyá yẹn tún gbé iṣẹ́ wá fún wa. A kò mọ bí a ó ṣe dárúkọ ìwé fún un, kí ó má bàa dà bí ẹni pé a ń tọ́ egbò àtijọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ìwé àjákọ yọ nínú báàgì, tó ní, "Ẹ kọ tiyín, kí n kọ tèmi." Àádọ́ta aṣọ ni. A kó o dé ní ọjọ́ tí a kọ, ó sì san owó tán kí a tó jókòó. Ó fún wa ní mínírà, a mu ún, a ń rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú ìtàn wa, èwo nínú ìbéèrè mẹ́fà ni a kò dáhùn ní ọdún 2016?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀bùn tí a ṣèlérí àti àdéhùn?
3. Kí ni ẹ ó sọ fún ọ̀rẹ́ tó bá bínú nítorí pé ẹ ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀?

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù mú àdéhùn ẹnu kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ti àwìn, ti ọmọọṣẹ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kí ó kọ ọ́ sí ojú ewé kan, kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ sì fọwọ́ sí i.